Wọ́n Gé Bọ́ńpà Kí Ẹ́ńjìnnì Lè Rí Afẹ́fẹ́ Tútù, Omi Ló Lọ Mu

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ata rodo mẹ́ta àti àpò gàrí kan ló wà nínú bùútù ọkọ̀ náà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Dẹ́rẹ́bà, kó èrò mẹ́rin ní Ilé-Ogbó, ó kọjú sí Ìwó. Èmi náà wà lára èrò, iwájú ni mo jókòó sí. Kò pẹ́ tí a kúrò nílùú la bá omi tó dágún sójú títì. Ọkọ̀ tó wà níwájú wa gba inú rẹ̀ kọjá. Àwa náà tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo gbọ́ ni gbì! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ̀ dúró gbagidi. Bọ̀ọ̀dá yí kọ́kọ́rọ́, ó dún kọ́, ẹ́ńjìnnì kò yí. Ó tún un ṣe, kọ́. Ọkọ̀ mìíràn yọ láti ẹ̀yìn, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó fọ́n omi sí wa lára, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo bọ́ sílẹ̀ láti bá wọn tì í. Omi náà kò dé orókùn mi. Ẹ gbọ́ ná, omi tí kò dé orókùn!

Ìyá tó ni ata kò bínú sókè. Ó kàn ń wo ojú ọ̀run, ó ń wo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà mọ ohun tí mo ń wí. Ata tí omi ti kàn lára, tí oòrùn tún wá bá nínú bùútù tí kò gba atẹ́gùn, ṣé ó ń retí ẹnikẹ́ni ni? Nígbà tí a fi máa rí ọkọ̀ mìíràn kó ẹrù sí, ọ̀sán ti pọ́n. Ìyá náà ní àwọn tó máa ń ra ata lọ́wọ́ òun ti ra tẹlòmíràn.

Kí ló dé tí ọkọ̀ tó wà níwájú fi kọjá, tí èyí tó wà lẹ́yìn fi kọjá, tí tàárín wá kú sómi? Ihò kan ló fà á. Ihò tí wọ́n gé sí bọ́ńpà iwájú ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, pé kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí afẹ́fẹ́ tútù.

Ẹ má rò pé Bọ̀ọ̀dá ya wèrè o. Òun náà ní ìdí. Ọkọ̀ tokunbọ̀ ará Jàpáànù ni ọkọ̀ náà, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, tí èrò kún, tí ẹrù wà lẹ́yìn, tí wọ́n wá dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè, ńṣe ni ọkọ̀ á máa fà bí àgbàlagbà tó ru igi. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo títí, kò sí agbára. Epo sì ń lọ. Ní ìlú ńlá kan tí n kò ní dárúkọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ pánẹ́lì-bítà sọ fún un pé afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fà, pé bí wọ́n bá la bọ́ńpà kí afẹ́fẹ́ tútù lè wọlé, ọkọ̀ á máa fò. Ọmọkùnrin náà fi fọ́tò ọkọ̀ eré ìje hàn án lórí fóònù. Bọ̀ọ̀dá sanwó. Wọ́n yọ àpótí fíltà kúrò, wọ́n so fíltà roboto kan mọ́ ẹnu páìpù, wọ́n tẹ páìpù náà wálẹ̀, wọ́n wá gbé fíltà sí ẹ̀yìn ihò tí wọ́n gé, nísàlẹ̀ pátápátá.

Ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé ọkọ̀ yá lóòótọ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ibi tí Bọ̀ọ̀dá bá dé ló ń ròyìn bọ́ńpà rẹ̀. Àwọn dẹ́rẹ́bà méjì ti ń bi í pé níbo ló ti ṣe é.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ dé ilé, mo gba ọ̀dọ̀ àgbà mẹ́káníìkì kan lọ nílé wa ní Ilé-Ogbó. Ó ní òun kò fẹ́ kí orúkọ òun wọ ìwé ìròyìn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kàn máa pè é ní Bàbá. Abẹ́ ọkọ̀ ni mo bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wà níta.

Mo ní, “Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá.”

Ó ní, “O ṣé, ọmọ mi. Ṣé nítorí ọkọ̀ àbúrò ìyá rẹ lo ṣe wá? Mo ti gbọ́.”

Ó fà jáde, ó nu ọwọ́. Kò tíì jókòó tó fi bi mí pé, “Ihò imú mélòó lo ní?”

Mo ní, “Méjì ni, Bàbá.”

“Ọkọ̀ náà ní méjì. Ṣùgbọ́n tirẹ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ti ọkọ̀, iṣẹ́ wọn ò jọra rárá. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, kó má ṣe gbé ayùn sún mọ́ bọ́ńpà.”

Ó mú mi lọ sídìí ọkọ̀ kan tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Imú àkọ́kọ́, ó ní, ni ti rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gba iwájú ọkọ̀ wọlé, láàárín iná méjèèjì àti láti ojú ihò tó wà nísàlẹ̀ bọ́ńpà, rédíétọ̀ ló ń fẹ́ sí kó lè tu omi inú rẹ̀ lára. Afẹ́fẹ́ yìí kò wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ara ni ó ń fẹ́ sí, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Bí òjò bá pa á, kò séwu. Ojoojúmọ́ lòjò ń pa rédíétọ̀.

Imú kejì ni èyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí gan-an. Páìpù kan ni, ó gba inú fíltà kọjá lọ sí kàbúrétọ̀ nínú ọkọ̀ àtijọ́, tàbí sí ẹnu ọ̀nà ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ tó ń lo ínjẹ́tọ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń pàdé epo nínú sílíńdà tí wọ́n fi ń jóná. Ẹ lọ wo alágbẹ̀dẹ nídìí ẹwìrì. Bó bá dáwọ́ ẹwìrì dúró, èédú wà níbẹ̀, iná ń kú lọ. Bó bá tún fẹ́ ẹ, irin á pọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì. Kílò epo bẹntiróòlù kan ń fẹ́ kílò afẹ́fẹ́ tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó 15 kó tó lè jó dáadáa. A máa ń ra epo, a kì í ra afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ronú nípa rẹ̀.

Mo fi ìṣirò díẹ̀ sí i nígbà tí mo délé. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó jẹ́ 1600, bó bá ń yí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú kan, tí dẹ́rẹ́bà sì tẹ epo dé ilẹ̀, á gbé afẹ́fẹ́ tó lítà 2,000 mì ní ìṣẹ́jú kan yẹn. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 80 nìyẹn. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó ń mu kẹ́ẹ̀gì 80 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá gbé omi síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣé ó máa dúró yẹ̀ ẹ́ wò?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má tíì dé ibẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tútù tí ọmọkùnrin pánẹ́lì-bítà yẹn sọ, òótọ́ ni àbí irọ́? Òótọ́ ni. Ẹ̀yin tó ń ta gàrí, ẹ mọ̀ pé kọ́ńgò kan kì í ṣe kọ́ńgò kan nígbà gbogbo. Ẹni tó bu gàrí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ sínú kọ́ńgò àti ẹni tó gbọ̀n ọ́n dáadáa kó lè tò, ohun tí wọ́n tà kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ kọ́ńgò kan náà ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni gàrí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ tútù ni èyí tí a gbọ̀n. Kọ́ńgò ẹ́ńjìnnì, ìyẹn sílíńdà, kì í tóbi sí i, ṣùgbọ́n bí ohun tó wọ inú rẹ̀ bá tò, iná á pọ̀ sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 10 tutù sí i, ohun tó wà nínú kọ́ńgò náà á fi nǹkan bíi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé inú bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná dé 60, tí ìta sì wà ní 30, ìyàtọ̀ náà á fẹ́ẹ̀ẹ́ tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù.

Kì í sì í ṣe òní ni wọ́n ti ń fi bọ́ńpà ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ní 1966, iléeṣẹ́ Oldsmobile ta irú ọkọ̀ 442 kan tí wọ́n pè ní W-30, tí àwọn tó fẹ́ràn eré ìje ń rà. Láti ara bọ́ńpà iwájú ni páìpù ńlá méjì ti ń gbé afẹ́fẹ́ tútù wá. Páìpù wọ̀nyí gba àyè débi pé wọ́n ní láti gbé bátìrì kúrò nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ sí bùútù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kò sí ẹni tó ń ṣe é, kò mọ̀tàn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn sí i: ẹnu páìpù wọn ló wà nísàlẹ̀ ní bọ́ńpà. Láti ibẹ̀, ó gòkè lọ bá fíltà tó wà lórí kàbúrétọ̀, lókè ẹ́ńjìnnì pátápátá. Afẹ́fẹ́ lè gòkè. Kò rọrùn fún omi láti gùn ún.

Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo padà lọ sọ èyí fún un. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń ṣe ọkọ̀ ò yá omi lórí ọ̀rọ̀ imú. Ó rán mi létí ọkọ̀ Ìjàpá, Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to pọ̀ ní Èkó ní 1975. Ẹ̀yin àgbà á rántí rẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ lásán ló ń tu ú lára. Níbo ló ti ń fa afẹ́fẹ́? Láti àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, lókè lọ́hùn-ún. Àwọn jíìpù tó ń lọ sínú igbó àti odò náà ń kọ́? Ẹ ti rí i, páìpù dúdú kan tó gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú lọ dé orí òrùlé. Imú nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa bá omi pàdé, òkè ló ń gbé imú sí. Ti Bọ̀ọ̀dá, ilẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Ọkọ̀ tó wà níwájú wa lọ́jọ́ náà àti èyí tó tẹ̀ lé wa, imú tiwọn wà níbi tí ẹni tó ṣe wọ́n fi í sí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí omi ṣe nínú ẹ́ńjìnnì. Bàbá tú u lójú mi ní ọjọ́ kẹta.

Iṣẹ́ písítìnnì ni kó fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ kí wọ́n tó gbiná. Afẹ́fẹ́ gbà kí wọ́n fún òun, bí ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́ọ̀lù. Omi kì í gbà. Ẹ rọ omi kún ìgò dé ẹnu, ẹ dì í pa, ẹ wá gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì 1600 tó ní sílíńdà mẹ́rin, àyè tó máa ń ṣẹ́ kù nígbà tí písítìnnì bá ti gòkè dé òpin kò ju nǹkan bíi mílílítà 50 lọ. Ọ̀rá péò wọ́tà kan tí a ń rà lójú títì jẹ́ mílílítà 500. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀rá péò wọ́tà kan ti tó láti dí sílíńdà kan pa. Ìyẹn kò tó ẹnu méjì tí ọmọdé máa fi mu ún tán. Písítìnnì ń bọ̀ pẹ̀lú agbára, omi ní òun kò kúrò, irin tó gbé písítìnnì dúró ló máa tẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Bàbá gbé kọ́nróòdù méjì sílẹ̀ níwájú mi lórí pákó. Ọ̀kan nàró bí ìbọn. Èkejì tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ní àrùn ẹsẹ̀ wíwọ́. Bọ̀ọ̀dá wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn bọ́ fìlà, ó fi nu ojú.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó dùn mí jù. Bàbá ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbì àkọ́kọ́ ló tẹ irin náà, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, yíyí kọ́kọ́rọ́ léraléra lè ba ohun tí omi kò tíì bà jẹ́ jẹ́. Ohun tó yẹ ni kí a má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mọ́. Kí a ti ọkọ̀ kúrò lómi, kí a ṣí fíltà wò. Bí fíltà bá ti rin, kí mẹ́káníìkì yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kó wá fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kí omi lè tú jáde láti ojú púlọ́ọ̀gì. Kó yẹ epo ẹ́ńjìnnì wò pẹ̀lú. Bó bá ti dà bí ògì, omi ti wọ ibẹ̀, àfi kí wọ́n dà á nù. Èmi tí mo jókòó síwájú lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ń sọ pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ tún un yí, bóyá ó máa dáhùn.” Mo jáde ìwé mẹ́wàá o. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní èyí nílé ìwé.

Bàbá wá sọ ohun kan tó mú mi ya ẹnu. Ó ní ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá kò nílò ihò rárá.

Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà ní afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fà.”

Ó ní, “Mo sọ bẹ́ẹ̀. Wá.”

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mẹ́ta tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú ọ̀kan, páìpù rọ́bà dúdú kan ti ara àpótí fíltà jáde, ó gba ẹ̀yìn iná iwájú lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ìta wà, ó wà lókè, omi kò lè tètè dé ibẹ̀. Nínú méjì yòókù, kò sí páìpù yẹn mọ́. Àpótí fíltà kàn la ẹnu sílẹ̀ nínú ooru bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní èyí tí wọ́n bá ti fọ́ níbi ìjàm̀bá wà, èyí tí mẹ́káníìkì tú sílẹ̀ tí kò dá padà nítorí pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ wà. Wọ́n á ní, “Ṣebí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́.” Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru ló ń mí. Imú tí iléeṣẹ́ fún Bọ̀ọ̀dá ti sọnù tipẹ́, kò mọ̀. Ó wá lọ sanwó láti lu òmíràn síbi tí kò yẹ. Páìpù àlòkù irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tokunbọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Tó bá wá jẹ́ pé ọkọ̀ ń gbóná ni, tí omi ń hó, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, imú àkọ́kọ́ ni. Kí wọ́n wo rédíétọ̀ bóyá ìdọ̀tí, koríko àti kòkòrò ti dí i. Kí wọ́n wo fáànù bóyá ó ń yí. Kí wọ́n wo omi bóyá ó ń jò. Àwọn kan á yọ tamositátì jù nù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná. Rédíétọ̀ tó dí kò tíì ṣí nítorí ìyẹn. Bí wọ́n bá gé bọ́ńpà tán, rédíétọ̀ tó dí ṣì dí náà ni.

Mo bi Bàbá pé ẹni tó bá fẹ́ gé e dandan ńkọ́, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ wa ò ní gbọ́. Kò bínú sí ìbéèrè náà. Ó ní òun náà ti gé e rí fún oníbàárà.

Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú bọ́ńpà tó wà níwájú yín. Ti ọkọ̀ àtijọ́ bíi Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, irin dídán ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń gba ìkọlù. Ẹ má gé irú rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wá ọ̀nà gbà. Ti ọkọ̀ ìsinsìnyí, ike lásán ni ohun tí ojú ń rí. Ẹ̀yìn ike yẹn ni irin gbọọrọ kan wà, òun ni bọ́ńpà gan-an. Ike ṣeé gé, irin yẹn kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá gé e kí páìpù lè ráyè, ó ti gé apá tó máa gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìjàm̀bá. Bí ọkọ̀ náà bá ní báàgì afẹ́fẹ́ tó ń gba dẹ́rẹ́bà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ní sẹ́nsọ̀ àti wáyà rẹ̀ níwájú níbẹ̀. Kí wọ́n pe ríwáyà kó wá fi hàn wọ́n kí ayùn tó bẹ̀rẹ̀.

Bọ́ńpà gbọ́dọ̀ kúrò lára ọkọ̀ kí wọ́n tó gé e. Àwọn tó ń gé e lórí ọkọ̀, ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n, rédíétọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n á sì fi ayùn gún. Kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibẹ̀, kí wọ́n lu ihò kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ike má baà la kọjá ibi tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n fi ayùn eyín wẹ́wẹ́ gé e, kí wọ́n wá fi fáìlì ha etí rẹ̀. Níbi tí wọ́n gé, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó láti ẹ̀yìn, nítorí òkúta àti tata. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò le. Ibi tó le ni páìpù.

Páìpù kò gbọ́dọ̀ gbé fíltà wá sílẹ̀. Kí àpótí fíltà dúró sí àyè rẹ̀ lókè, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Ihò bọ́ńpà kàn máa rán afẹ́fẹ́ sókè sí i ni. Kódà, Bàbá kì í so páìpù náà pọ̀ mọ́ àpótí pinpin. Ó máa ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín méjèèjì, tó fi jẹ́ pé bí omi bá gba ihò wọlé, ilẹ̀ ló máa dà sí, ẹ́ńjìnnì á sì rí afẹ́fẹ́ fà láti ẹ̀gbẹ́. Ó tún ń lu ihò kékeré sí ibi tó rẹlẹ̀ jù lára páìpù kí omi lè máa ro jáde. Nígbà òjò, ó ní kí oníbàárà òun fi ike dí ojú bọ́ńpà pátápátá. Nígbà ọyẹ́ tí eruku pọ̀, kí wọ́n máa ṣí fíltà wò léraléra, torí ihò iwájú ń kó eruku jọ ju imú iléeṣẹ́ lọ.

Ó ku ọ̀kan, fún àwọn ọkọ̀ tó ń lo ínjẹ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní sẹ́nsọ̀ kan láàárín fíltà àti ẹ́ńjìnnì tó ń ka iye afẹ́fẹ́ tó ń kọjá, òun ló ń sọ iye epo tí wọn yóò bù. Bí ẹ bá fi páìpù tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ rọ́pò èyí tó gbé sẹ́nsọ̀ yẹn, òǹkà á ṣì. Iná pupa tàbí ofeefee á tàn níwájú dẹ́rẹ́bà, epo tí wọ́n ń bù kò ní tó bó ṣe yẹ. Láàárín sẹ́nsọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ ráyè yọ́ wọlé rárá. Ẹ má fi ọ̀rá àti okùn dì í, ẹ ra kílíìpù.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń wọkọ̀, ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ onímọ́tò ni èyí. Ta ni ata bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́? Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tí ihò wà ní bọ́ńpà rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ẹ yọjú wò ó. Bí ẹ bá rí nẹ́ẹ̀tì àti rédíétọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò burú. Bí ẹ bá rí ohun roboto kan bí orí fáànù kékeré tó ń wo yín láti inú ihò, tí òjò sì ti rọ̀, ẹ bi dẹ́rẹ́bà pé ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà. Bí ó bá kan omi lọ́nà, ẹ ní kó dúró kó wo bí ẹlòmíràn ṣe máa kọjá, kó sì rọra wọ̀ ọ́. Eré tó bá fi wọ omi ló ń gbé omi náà sókè níwájú bọ́ńpà, omi tí kò dé orókùn á wá di ti itan.

Bọ̀ọ̀dá ti ra ẹ́ńjìnnì àlòkù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló yá a lówó, ó ṣì ń san án. Ó ra páìpù rọ́bà tó sọnù yẹn náà, Bàbá fi í sí ẹ̀yìn iná iwájú fún un. Mo bi í bóyá ọkọ̀ ń fà bíi tìgbà tí bọ́ńpà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ní kò sí ìyàtọ̀ tí òun lè tọ́ka sí, àti pé òkè tó máa ń dá òun dúró, òun ń gùn ún.

Kò rí owó ra bọ́ńpà tuntun. Ihò náà ṣì wà níbẹ̀, pátákó kékeré kan tí káfíńtà bá a gé ni wọ́n fi dí i, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ọkọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ bára mu. Ìyá alata ṣì ń wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó gbé apẹ̀rẹ̀ sí bùútù, á kọ́kọ́ yí lọ síwájú, á bẹ̀rẹ̀, á fi ìka lu pátákó náà lẹ́ẹ̀mejì, á wá ní, “Dẹ́rẹ́bà, ó dì dáadáa?”